Ṣóńṣó Tí Kò Sí Nínú Àtẹ Iye

Ìbéèrè tó fa àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tó le. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ya gíráàfù y = 4 + 3x − x², bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí x ti jẹ́ −2 títí dé ibi tó ti jẹ́ 5, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 2 ṣe ẹyọ kan lórí ìlà x, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 1 ṣe ẹyọ kan lórí ìlà y, kí wọ́n sì wo ojú gíráàfù náà láti sọ iye tó ga jù lọ tí y lè jẹ́ àti iye x tó bá a rìn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì dáhùn pé 6 ni iye náà, àti pé x jẹ́ 1 àti 2. Olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó fún un ní òdo nínú máàkì mẹ́ta, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gbé ìwé wá bá mi, ẹjọ́ ló gbé wá: "Sà, ẹ fojú ara yín wo àtẹ yẹn. Ṣé iye kankan wà níbẹ̀ tó ju 6 lọ ni?"

Kò sí. Mo wo àtẹ iye náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí èyí tó ṣì ṣírò nínú gbogbo rẹ̀. Ní ibi tí x ti jẹ́ −2, y jẹ́ −6. Ní −1, ó jẹ́ 0. Ní 0, ó jẹ́ 4. Ní 1, ó jẹ́ 6. Ní 2, ó tún jẹ́ 6. Ní 3, ó padà sí 4. Ní 4, ó di 0. Ní 5, ó tún di −6. Ẹni tó bá ka àtẹ yìí tí kò sì ro nǹkan mìíràn mọ́ ọn yóò sọ ohun tí ọmọ náà sọ gan-an. Òdo tí olùkọ́ fún un tọ́ sí i. Ohun tí n kò fara mọ́ ni dídákẹ́ tó dákẹ́, nítorí àṣìṣe yìí ní ìdí, ìdí náà sì wà lójú pépà fún ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Àwòrán tó yà ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ìdáhùn rẹ̀ lọ. Ó tẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó fi tọ́ pẹ́ńsù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ apá òsì títí dé ojú àmì tó wà ní 1 àti 6, bí ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti máa ń ṣe kí ìlà má baà gbọ̀n. Ibẹ̀ ló ti gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tó sì mú rúlà, ó fa ìlà gbọọrọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ dé ojú àmì kejì tó wà ní 2 àti 6, kó tó tún padà mú ìgbálẹ̀ láti fi sọ̀ kalẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ibi méjì tí pẹ́ńsù ti dúró kí irinṣẹ́ tó yí padà ṣì hàn, ó dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ. Ohun tó yà dà bí ọmọrí ìkòkò tí ẹnì kan ti jókòó lé.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní ṣóńṣó. Ìṣirò tó bá ní x² nínú, tí agbára x inú rẹ̀ kò sì ju ìyẹn lọ, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kuadirátíìkì, ìlà títẹ̀ tó sì máa ń fún wa lórí pépà ni paràbólà. Bí nọ́ńbà tó wà níwájú x² bá jẹ́ òdì, paràbólà náà yóò rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òdì, yóò rí bí igbá tí a gbé kalẹ̀ láti bu omi sí. Ojú kan ṣoṣo tí ìlà náà ti dẹ́kun gígòkè tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, tàbí tó ti dẹ́kun sísọ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ni ṣóńṣó rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣi ọmọdé lọ́nà, nítorí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ mú, ti paràbólà kò sì mú rárá. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ya tirẹ̀ bí òrùlé páànù. Ṣùgbọ́n pé kò mú kò túmọ̀ sí pé ó tẹ́. Ojú kan ni, kì í ṣe ìlà, òun ni kò sì fi lè wà ní 1 kó tún wà ní 2.

Àtẹ iye kì í ṣe gíráàfù. Ibi mẹ́jọ péré ni a ti bi y léèrè ipò tó wà, ibi mẹ́jọ náà ló sì ti dá wa lóhùn. Kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó ń ṣe láàárín 1 àti 2. Mo ní kí ọmọ náà bi í. Ó fi bírò ṣe é láìlo ẹ̀rọ ìṣirò: ní 1.2, y jẹ́ 6.16, ní 1.4, ó jẹ́ 6.24; ní 1.5, ó jẹ́ 6.25. Ẹjọ́ tó gbé wá parí níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kó máa bá a lọ. Nígbà tó ṣe ti 1.6, ó dáwọ́ dúró. "Sà, 6.24 tún ni. Iye tí 1.4 mú wá nìyí." Mi ò fèsì. Olùkọ́ tó bá yára lanu nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ó ṣe ti 1.8, ó rí 6.16, ó sì padà sórí àtẹ tó ti kọ́kọ́ ṣe, ó ń fi pẹ́ńsù so àwọn ibi tí iye wọn bá jọra pọ̀: 1 pẹ̀lú 2, 0 pẹ̀lú 3, −1 pẹ̀lú 4, −2 pẹ̀lú 5. Mo ní kó ro méjì-méjì yẹn pọ̀. Mẹ́ta ni gbogbo wọn jẹ́. Ìdajì mẹ́ta sì ni 1.5.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin bí a bá tún ìṣirò náà kọ. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín 3x − x² àti x(3 − x), nítorí náà a lè sọ pé y = 4 + x(3 − x). Nọ́ńbà méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 3 ni a ń sọ di púpọ̀ níbẹ̀: bí x bá jẹ́ 1, èkejì rẹ̀ á jẹ́ 2, bí x bá jẹ́ 2, èkejì rẹ̀ á jẹ́ 1, 1 lọ́nà 2 àti 2 lọ́nà 1, ọ̀kan náà ni. Gbogbo ibi tí àwọn méjèèjì bá ti lè pààrọ̀ ipò fún ara wọn, y kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà, ibi kan ṣoṣo tí kò sì ti sí ohun tí wọ́n máa pààrọ̀ ni ibi tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ 1.5.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún kuadirátíìkì èyíkéyìí. Bí a bá kọ ax² + bx + c ní c + x(ax + b), a ó rí i pé y jẹ́ c ní ibi méjì: níbi tí x ti jẹ́ òdo, àti níbi tí x ti jẹ́ −b/a. Agbedeméjì wọn ni −b/2a, ibẹ̀ sì ni ṣóńṣó wà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi méjì tí ìlà náà ti gé ìlà x kọjá, kí ó sì mú agbedeméjì wọn. Kò burú, nínú ìṣirò tiwa yìí, −1 àti 4 ni, agbedeméjì wọn sì ni 1.5. Ṣùgbọ́n paràbólà mìíràn wà tí kì í kan ìlà x rárá, irú bí x² + 2x + 5, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì gbára lé ọ̀nà yẹn nìkan yóò dúró síbẹ̀ láìrí nǹkan mú. Èmi fẹ́ràn kí a máa wo ibi tí y ti jẹ́ c, nítorí kò sí kuadirátíìkì tí kì í débẹ̀: èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ jẹ́ 5 ní 0 àti ní −2, ṣóńṣó rẹ̀ sì wà ní −1, níbi tí y ti jẹ́ 4.

Ní Ìkẹ́rẹ́, òkè kì í jìnnà sójú ẹni. Olósùnta wà níbẹ̀, Orólè náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ọmọ náà fẹ́ fi òkè ṣe àpèjúwe: bí ẹni méjì bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjì Olósùnta, tí ibi tí wọ́n dúró sí ga dọ́gba, ṣé agbedeméjì wọn gẹ́lẹ́ ni téńté òkè náà wà? Mo ní rárá. Òótọ́ ni pé ibi tó ga ju tiwọn lọ wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n àpáta kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé bí òun ṣe dagun ní apá kan ni òun yóò ṣe dagun ní apá kejì. Pípààrọ̀ tí x àti 3 − x ń pààrọ̀ ipò ló mú kí paràbólà dọ́gba lápá méjèèjì, ẹni tó bá sì fi àpèjúwe òkè kọ́ ọmọ láìsọ èyí fún un ti fún un ní ohun tí yóò ṣì lò lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí a yí ìwé ìdánwò náà padà, mo rí i pé ó ti gbìyànjú fọ́múlà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ojú pẹ́ńsù ṣì hàn. Ó kọ x = −b/2a, ó fi 3 sí ipò b, ó fi 1 sí ipò a, ó sì rí −1.5. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú x² ti bọ́ sọnù. Ohun tó fà á yé mi: nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní kíláàsì, x² ló máa ń ṣáájú, nínú ìbéèrè yìí òun ló kẹ́yìn, àmì rẹ̀ sì wá dà bí ohun tó kàn ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára 3x. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, −1 ni lẹ́tà a dúró fún, −2 ni 2a jẹ́, −3 tí a bá sì fi −2 pín yóò jẹ́ 1.5. Nígbà tó rí −1.5 tirẹ̀, ó wo àtẹ, ó rí i pé y jẹ́ 0 ní −1, ó sì jẹ́ −6 ní −2, kò sì sí bí ohun tó ga jù lọ ṣe lè wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó bá pa fọ́múlà náà rẹ́.

Mo yìn ín fún ìyẹn, tọkàntọkàn ni mo sì fi yìn ín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ti kọ́ ni ìbá kọ −1.5 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn láì wo ẹ̀yìn, nítorí pé fọ́múlà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kò padà lọ wá ọ̀nà tí àṣìṣe gbà wọlé. Fọ́múlà ló kà sí òpùrọ́, ó sì kó gbogbo ọkàn lé àtẹ. Nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ ní differentiation, ìyẹn ìṣirò tó ń wo bí iye kan ṣe ń yí padà bí òmíràn ti ń yí padà, yóò rí ọ̀nà mìíràn tó ń mú ènìyàn dé 3 − 2x = 0. Ìdáhùn kan náà ni, n kò sì fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà tí mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ṣe ni èyí tó ń sọ ìṣirò di igun mẹ́rin pípé. Ó ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, al-Khwarizmi, onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad, fi àwòrán ṣàlàyé bí a ṣe lè tú x² + 10x = 39. Mo gé páálí fún ọmọ náà kó lè fọwọ́ kàn án: igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x, àti pátákó gígùn méjì tí ìbú wọn jẹ́ 5, nítorí a ti dá 10x sí méjì. A to pátákó kan sí ẹ̀gbẹ́, a to èkejì sí ìsàlẹ̀, igun kan sì ṣófo. Igun tó ṣófo náà jẹ́ 5 lọ́nà 5. Bí a bá fi 25 dí i, 39 yóò di 64, ẹ̀gbẹ́ gbogbo rẹ̀ yóò di 8, x yóò sì jẹ́ 3. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gé páálí tó dí igun yẹn, ó sì gé e kéré lẹ́ẹ̀kan kó tó bá a mu.

Àmì ìyọkúrò kò jẹ́ kí páálí rọrùn fún x² − 3x, nítorí náà bírò la fi ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ìrìn kan náà ni. Ìdajì 3 ni 1.5, 1.5 lọ́nà ara rẹ̀ sì ni 2.25. Ohun tó ń jẹ́ (x − 1.5)² ni x² − 3x + 2.25, nítorí náà ọ̀kan náà ni x² − 3x àti (x − 1.5)² − 2.25. Bí a bá fi èyí rọ́pò nínú y = 4 − (x² − 3x), ohun tí yóò kù ni y = 6.25 − (x − 1.5)².

Mo ní kí ó ka ìlà ìkẹyìn yìí jáde bí ẹni ń ka lẹ́tà, nítorí òun ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Kò sí nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò di òdì. Ohun tí a ń yọ kúrò nínú 6.25 kò wá lè kéré ju òdo lọ, òdo gan-an kò sì ṣeé ṣe àyàfi tí x bá jẹ́ 1.5. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀, yálà ó yà sọ́tùn-ún tàbí ó yà sósì, yóò pàdánù, iye tí yóò sì pàdánù ni jíjìnnà rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. 1 jìnnà sí 1.5 ní ìdajì, 2 náà jìnnà sí i ní ìdajì, 0.5 lọ́nà 0.5 sì ni 0.25. Yọ ọ́ kúrò nínú 6.25. Bí mẹ́fà méjì tó dá gbogbo ẹjọ́ sílẹ̀ ṣe wáyé nìyẹn.

Ó tún ṣàlàyé bí ojú ṣe tan ọmọ náà jẹ. Lórí pépà rẹ̀, ìdajì ẹyọ lórí ìlà x jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan gbáko, ṣùgbọ́n 0.25 lórí ìlà y kò ju mílímítà 2.5 lọ. Ó kúrò nídìí ṣóńṣó ní sẹ̀ǹtímítà kan, ìlà náà kò sì tíì sọ̀ tó ìbú ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì. Nítòsí ṣóńṣó, ènìyàn lè ṣìnà gan-an ní ti ibi tó wà kí gíga tó kà sílẹ̀ má sì ṣì púpọ̀. Ọ̀nà tó jìn sí i ni àdánù ti ń yára.

Ìdánwò tí mo kà sí gidi wáyé lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ fi àwọ̀n wáyà ṣe ọgbà fún àwọn adìẹ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ulé adìẹ lòun pè é, bí a ṣe ń pe ilé lẹ́nu Èkìtì. Mítà 30 ni wáyà tó rà. Ògiri ilé ni yóò dúró fún ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà yóò sì yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù ká. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbá èèkàn mọ́lẹ̀, mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ó gbà pé ibi tó bá dọ́gba ló máa ń gba nǹkan jù.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì so wáyà yẹn." Ọmọ náà ti mú bírò. Ó pe jíjìnnà ọgbà sí ògiri ní x. Apá méjì ni wáyà yóò ti gba ìyẹn, nítorí náà 30 − 2x ni yóò kù fún gígùn tó tẹ̀ lé ògiri, x(30 − 2x) sì ni ìwọ̀n ilẹ̀ tí àwọn adìẹ yóò ní. Ó ṣe àtẹ: 5 fún un ní 100, 6 fún un ní 108, 7 fún un ní 112, 8 fún un ní 112, 9 fún un ní 108, 10 tí Bọ̀dá rẹ̀ ti gbá èèkàn sí fún un ní 100. Ó wo 112 méjì náà, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò bèèrè rúlà. Ó kọ 7.5 sáàárín wọn, ó kọ 15 fún gígùn, ó sì rí 112.5. Lẹ́yìn náà ló wá fi fọ́múlà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi àmì ìyọkúrò sí ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: −30 tí a fi −4 pín.

Bọ̀dá rẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ sí lẹ́tà x. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye tí èèkàn tó ti gbá yóò jẹ́ kó pàdánù. Ọmọ náà kọ 112.5 − 2(x − 7.5)² sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó sì ṣàlàyé pé 10 fi 2.5 jìnnà sí ibi tó dára jù, pé 2.5 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 6.25, àti pé 2 tó wà níwájú sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: mítà onígun mẹ́rin méjìlá àti ààbọ̀. "Ìyẹn mà tó ibi tí adìẹ ń sùn sí," ni Bọ̀dá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèkàn tu.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọn mítà 15 lára ògiri, ó bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé. Mítà 14 ló ṣeé lò kí ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀. Ó nàró, ó gbá ọwọ́ mọ́ ìbàdí. "Bí mo bá wá fi ṣe 14, tí mo fi ṣe 8 láti ara ògiri ńkọ́?" Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà kò wo ìwé. "Ìdajì mítà onígun mẹ́rin kan péré lẹ máa pàdánù, Bọ̀dá. Ẹ má yọnu." Ibẹ̀ ni wọ́n gbá èèkàn sí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú pépà gíráàfù tuntun wá, ó fi àmì mẹ́jọ yẹn sí i, ó sì fi ẹ̀kẹsàn-án sí 1.5, mílímítà méjì àti ààbọ̀ sókè 6. Ó tẹ ẹyọ ìgbálẹ̀. Pẹ́ńsù gba ojú àmì (1, 6) kọjá, ó gba orí èyí tuntun, ó gba ojú (2, 6) sọ̀ kalẹ̀, kò sì dúró níbì kankan títí ó fi dé ìsàlẹ̀.